Bá Mi Gbé E: Ẹni Tí A Bá Kà Kún Ara Wa Ni Ọwọ́ Wa Ń Yá Sí

Ọ̀rọ̀ àsọyé níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìbàdàn. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni mo kọ ọ́, àfi ibi tí mo ti ń wúkọ́.

Alága, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó sí ìdí ilẹ̀kùn kí ẹ lè tètè sá jáde, mo kí gbogbo yín. Ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ooru. Akọ̀wé ẹgbẹ́ pè mí lórí fóònù, ó ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ṣíṣe ọmọnìkejì ẹni lóore. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ látàná. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, níbi tí mo ti dúró de ọkọ̀ ní Ìwó Road, mo rí ohun kan, mo sì ká ìwé tí mo kọ sápò.

Ìyá kan ń ta fùfú. Ó ti sọ báàfù rẹ̀ kalẹ̀ láti ta fún oníbàárà. Nígbà tí ó tà tán, ó kù bí yóò ṣe gbé e padà sórí. Báàfù yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá gbé. Àwa tí a wà níbẹ̀ á tó ogún, olúkúlùkù sì ń wo ibi tí ọkọ̀ yóò ti yọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà níwájú rẹ̀ tí ó ti fi íápíìsì dí etí méjèèjì. Ìyá náà kò pariwo, kò bẹ̀bẹ̀. Ó fọwọ́ kan ọmọ náà léjìká, ó ní, “Ọkọ mi, bá mi gbé e.” Ọmọ náà yọ íápíìsì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá tún òṣùká rẹ̀ wé, ó gbé e lé orí, àwọn méjèèjì di etí báàfù mú, ó di òkè. Ìyá rọra mi orí díẹ̀ títí tí ẹrù fi jókòó, ó ṣàdúrà fún un, ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo bi ọmọ náà bóyá ó mọ ìyá yẹn rí. Ó ní, “Rárá o, sà. Èmi ló pè.”

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí wà nínú gbólóhùn yẹn. Àwa ogún la rí ìyá náà. Ẹnì kan ló pè, ó sì pè é ní ọkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fetí sí “bá mi” tí ó sọ. Bí mo bá ní “bá mi gbé e,” ó lè jẹ́ pé èmi àti ẹ la jọ fẹ́ gbé e. Ó sì lè jẹ́ pé ìwọ nìkan ni wàá gbé e, tí èmi á máa wò ẹ́. “Bá mi ra iyọ̀ bọ̀”: mo jókòó sílé, ìwọ lo ń lọ sọ́jà nínú oòrùn, síbẹ̀ lẹ́nu tiwa, èmi náà wà lọ́nà ọjà pẹ̀lú ẹ. “Bá mi kí wọn o”: n kò bá ẹ lọ, ṣùgbọ́n bí o bá débẹ̀ tí o kí wọn, èmi náà ti kí wọn. Àwọn tí wọ́n dá èdè yìí sílẹ̀ kò fi ìsopọ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ tí a ń fi kún iṣẹ́ lẹ́yìn tí a bá ṣe é tán. Inú ọ̀rọ̀ ìṣe gan-an ni wọ́n fi í sí. Kí o tó bẹ èèyàn níṣẹ́, o ti kọ́kọ́ sọ pé ẹ jọ wà pa pọ̀.

A máa ń sọ pé ọkàn rere ló ń mú èèyàn ṣe rere. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọkàn rere tí ó sùn lọ fọnfọn níbi tí ó yẹ kí ó jí, nítorí pé ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀ kò jọ ẹni tirẹ̀.

Àwọn kan dán èyí wò ní ìlú Lancaster, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mark Levine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí wọ́n ń kọ́ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá, gbé èsì iṣẹ́ náà jáde lọ́dún 2005. Wọ́n ṣa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì jọ, gbogbo wọn jẹ́ alátìlẹ́yìn Manchester United. (Mo gbọ́ ẹ̀rín lọ́hùn-ún. Ẹ fara balẹ̀, ó máa kàn yín.) Wọ́n fún wọn ní ìbéèrè láti dáhùn lórí bí wọ́n ṣe fẹ́ràn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wọn tó, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí wọ́n máa dá lọ sí ilé kejì láti wo fídíò. Lójú ọ̀nà, ẹnì kan ń sáré kọjá, ó yọ̀, ó ṣubú, ó di ọrùn ẹsẹ̀ mú, ó ń kérora. Eré ni o, wọ́n ti rán an níṣẹ́. Ẹ̀wù ọrùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀.

Nígbà tí ó wọ jẹ́sì United, 12 nínú 13 ló dúró ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí ó wọ ti Liverpool, 3 nínú 10 ni. Nígbà tí ó wọ ẹ̀wù lásán tí kò ní àmì kankan, 4 nínú 12. Ìkérora kan náà, ilẹ̀ kan náà, ọmọ yunifásítì kan náà. Aṣọ ló sọ irú èèyàn tí ó ṣubú fún wọn.

Bí wọ́n bá dá a dúró síbẹ̀, n kì bá tí mẹ́nu bà á rárá, nítorí ta ni kò mọ̀ pé èèyàn fẹ́ràn tirẹ̀? Ṣùgbọ́n wọ́n tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n kó àwọn alátìlẹ́yìn United mìíràn jọ, wọn kò sì bi wọ́n nípa United mọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ gbogbo àwọn tí wọ́n fẹ́ràn bọ́ọ̀lù làwọn fẹ́ gbọ́, ohun tí ó dára nínú kí èèyàn jẹ́ olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù. Ìbéèrè tí wọ́n bi wọ́n nìkan ni wọ́n yí padà. Wọ́n jáde, wọ́n bá ẹni tí ó ṣubú. Jẹ́sì United: 8 nínú 10. Jẹ́sì Liverpool: 7 nínú 10! Ọ̀tá àná ti di ará ilé láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, nítorí pé ẹnì kan ti sún ògiri ilé síwájú.

Ẹ̀wù lásán ńkọ́? 2 nínú 9. Ẹ bá mi fi iye yẹn pa mọ́, mo ń bọ̀ wá gbà á.

Ẹnì kan á sọ pé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́sìn yàtọ̀, ẹni tí ó bá mọ Ọlọ́run kì í wo jẹ́sì. Ó dáa. Lọ́dún 1973, John Darley àti Daniel Batson ní Amẹ́ríkà lo 40 akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run ní Princeton. Wọ́n ní kí wọ́n lọ sọ̀rọ̀ ní ilé kejì. Àwọn kan nínú wọn, ìtàn ará Samáríà rere gan-an ni wọ́n fẹ́ lọ sọ. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé àkókò ṣì wà, wọ́n sọ fún àwọn mìíràn pé wọ́n ti pẹ́. Ọkùnrin kan wó sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ń wúkọ́, ó ń kérora. Nínú àwọn tí kò kánjú, ìdá 63 nínú ọgọ́rùn-ún ló ràn án lọ́wọ́. Nínú àwọn tí wọ́n ń sáré, ìdá 10. Àwọn kan tilẹ̀ ré e kọjá lórí kí wọ́n má bàa pẹ́ débi ìwàásù! N kò fi pásítọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ o; èmi náà ni mo dúró ní Ìwó Road láàárọ̀ yìí tí mo ń wo aago. Ẹni tí ń sáré kì í ríran. Kí o tó ka èèyàn kún ara rẹ, ojú rẹ ní láti kọ́kọ́ bà lé e.

Ọ̀pọ̀ èrò náà a máa fọ́ni lójú. Darley yìí kan náà àti Bibb Latané ti fi hàn lọ́dún 1968 pé bí ẹnì kan bá gbà pé òun nìkan lòún ń gbọ́ ohùn ẹni tí wárápá ń gbé, ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún ló dìde wá ìrànlọ́wọ́ kí gìrì náà tó parí. Bí ó bá gbà pé ẹni mẹ́rin mìíràn ń gbọ́ ọ pẹ̀lú òun, ìdá 31 péré. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yin ìyá oní-fùfú. Kò tíì gbọ́ nípa Darley rí, ó dá mi lójú, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé bí èèyàn bá ké sí ogún, kò ké sí ẹnì kankan.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú yín lọ sí Freetown ní Sàró, ìyẹn Sierra Leone, nítorí ibẹ̀ ni mo ti rí àpẹẹrẹ tí ó tóbi jù nínú ìtàn wa, a kì í sì sọ ọ́ tó.

Láti ọdún 1808 ni ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ti ń mú ọkọ̀ tí ó kó ẹrú lójú òkun, tí wọ́n sì ń já àwọn èèyàn inú rẹ̀ sílẹ̀ ní Sàró. Nígbà tí Ọ̀yọ́ ń tú, tí ogun Òwu jà, tí àwọn ìlú Ẹ̀gbá ń jóná lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn èèyàn wa ni wọ́n kún inú ọkọ̀ yẹn. Ọmọdékùnrin ni Àjàyí nígbà tí wọ́n kó ìlú Òṣogùn lọ́dún 1821. Lọ́dún 1822, wọ́n rù ú sọ́kọ̀ ní Èkó, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gbà wọ́n sílẹ̀. Òun ló di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Òun fúnra rẹ̀ kọ̀wé pé nígbà tí wọ́n gbé àwọn sínú ọkọ̀ ogun, àwọn rí ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ àti òkìtì ọta ìbọn ńlá, àwọn sì rò pé ẹran èèyàn àti orí èèyàn ni. Ẹ wo bí àìmọra ṣe ń rí: ẹni tí ó wá gbà ẹ́ là, o rò pé ó fẹ́ pa ẹ́ jẹ.

Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ ńkọ́? Ará Òwu wà níbẹ̀, Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Ọ̀yọ́. Nílé, ìlú ẹnì kan ló fi iná sun ìlú ẹnì kejì. Kò sí ẹni tí ń pe ara rẹ̀ ní Yorùbá bí a ṣe ń pe ara wa lónìí. Wọ́n dé Freetown, ilẹ̀ àjèjì, òjò ibẹ̀ kì í dá bọ̀rọ̀, èdè ìjọba kò yé wọn. Wọ́n bá ẹnì kan pàdé lójú ọ̀nà, ó sì ní, “Ẹ kú àárọ̀.” Ẹlòmíràn ní, “Ẹ kú iṣẹ́.” Àwọn ará Sàró tí wọ́n ń gbọ́ “ẹ kú, ẹ kú” yìí lásán sọ wọ́n lórúkọ: wọ́n pè wọ́n ní Aku. Ìkíni wọn ló di orúkọ wọn.

Kì í ṣe orúkọ nìkan. Wọ́n yan olórí tiwọn. Wọ́n dá ẹgbẹ́ ìdáwó sílẹ̀: bí ẹnì kan bá ṣàìsàn, bí ẹnì kan bá kú tí kò ní ẹbí, owó wà láti fi tọ́jú rẹ̀ àti láti fi sin ín. Àwọn kan dáwó jọ ra ọkọ̀ tí ìjọba gbà lọ́wọ́ oníṣòwò ẹrú tí wọ́n ń ta ní gbàǹjo. Ọkọ̀ ẹrú! Wọ́n tún un ṣe, wọ́n wọ inú rẹ̀, àti ní ọdún 1839 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí padà sí Àgbádárìgì àti Abẹ́òkúta. Ní Cuba náà, àwọn ẹrú ń pe ẹni tí wọ́n jọ gun ọkọ̀ kan náà ní carabela, ní Brazil wọ́n ní malungo, ọ̀rọ̀ náà sì súnmọ́ ọmọ ìyá lẹ́nu wọn. Ní Trinidad, èsúsú wa ṣì wà níbẹ̀ dòní, susu ni wọ́n ń pè é. Àwọn tí wọ́n já gbogbo okùn ìbátan wọn kò pẹ́ kí wọ́n tó hun òmíràn, okùn tí wọ́n sì hun ni wọ́n fi fa ara wọn jáde.

Títí dé ibí yìí, mo ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ìsopọ̀ ló ń bí ìrànlọ́wọ́, ó tán. Bàbá mi àgbà kò ní gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin àgbà mọ ààrò. Ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún ni yóò máa yí oko ara wọn ká, wọ́n sì ń ka ebè: igba tí o kọ fún mi, igba ni n ó kọ fún ẹ. Gbà mí lójò kí n gbà ọ́ lẹ́ẹ̀rùn. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ju agbára rẹ̀ lọ, bóyá ilé ni ó fẹ́ bò tàbí oko àna ni ó fẹ́ ro, ni yóò bẹ ìlú, yóò se oúnjẹ, yóò gbé ẹmu kalẹ̀. Mo wà ní kékeré nígbà tí bàbá mi àgbà bẹ ọ̀wẹ̀, èmi ni mo ń pọn omi. Ọkùnrin kan wá tí òun àti bàbá mi àgbà ti ń jà lórí ààlà ilẹ̀ láti ọdún tó ṣáájú. Kò kí bàbá. Ó mú ọkọ́ rẹ̀, ó lọ sí ìpẹ̀kun oko lọ́hùn-ún, ó ń kọ ebè, ó kọ́kọ́ tán nínú gbogbo wọn. Ó jẹ iyán. Nígbà tí ó ń lọ ló dúró níwájú bàbá, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ o.” Bàbá ní, “Ẹ kú ìnára.” N kò gbọ́ ìjà ilẹ̀ yẹn mọ́. Ọwọ́ ọkùnrin yẹn ló kọ́kọ́ débẹ̀, ọkàn rẹ̀ ló tẹ̀ lé e.

Mo ti rí i nínú ilé tèmi náà. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a kó lọ sí àdúgbò tuntun kan. Ògiri gíga, gééètì irin, wáyà lórí ògiri. Odindi ọdún mẹ́rin, n kò mọ orúkọ ẹni tí ó wà ní ilé kejì. Ní òru ọjọ́ kan, ara ìyàwó mi kọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru. Mo sáré sí ọkọ̀, bátìrì ti kú. Mo lọ kan gééètì aládùúgbò mi, mo ń pè, mo ń bẹ̀. Mo rí i tí kọ́tìnì mì. Iná yàrá náà sì kú. Ilé kejì, bẹ́ẹ̀ náà. Mègádì tí ó ń ṣọ́ igun òpópónà ló gbọ́ ariwo mi, òun àti èmi la ti ọkọ̀ náà títí tí ó fi ṣiṣẹ́. Inú bí mi sí àwọn aládùúgbò mi tó oṣù mẹ́fà. Ó pẹ́ kí n tó bi ara mi pé: kí ni mo fún wọn tí wọn ì bá fi dá mi mọ̀? Ohùn tí o kò mọ̀ ní gééètì rẹ láago kan òru, ohùn adigunjalè ni.

Tíráńsífọ́mà ló tún un ṣe. Ó jó, a wà nínú òkùnkùn, a ní láti dáwó. A ṣèpàdé nínú gbàgede ilé mi, a dúró nínú oòrùn ti àwọn tí ń tún un ṣe, àwọn ìyàwó ilé se ìrẹsì. Ọkùnrin kọ́tìnì yẹn ni akápò wa. Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá kọ ọ̀rọ̀ sí WhatsApp òpópónà wa láago kan òru, gééètì mẹ́ta yóò ti ṣí kí ó tó kọ ọ̀rọ̀ kejì. Àwọn èèyàn kan náà ni. Mo rò pé ọkàn wọn kò dára jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n kàn ti ní orúkọ lẹ́nu ara wọn.

Ó yẹ kí n parí síbẹ̀, kí ẹ pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n mo fi iye kan pa mọ́ sí yín lọ́wọ́: 2 nínú 9, ẹni ẹ̀wù lásán. Nígbà tí United àti Liverpool di ọ̀kan, òun ṣì wà ní ìta. Kò sí ilé tí a sún ògiri rẹ̀ síwájú tí ìta rẹ̀ tán. A mọ bí ó ṣe ń rí lọ́jà, nígbà tí ẹnì kan bá kígbe “Olè!” tí ẹni tí wọ́n nawọ́ sí kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni mọ́ lójú ẹsẹ̀, tí kò sí ẹni tí ń bi í léèrè. Àwọn tí ń jù ú lókùúta ti wà ní ìrẹ́pọ̀ gan-an láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ìrẹ́pọ̀ wọn ni wọ́n fi ń jù ú.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, ìyá àgbà kan tí ó wà ní ìlà iwájú na ọwọ́ sókè. Ó ní, “Mègádì tí ó bá ẹ ti ọkọ̀ ńkọ́? Ṣé ó wà nínú WhatsApp yẹn?”

Kò sí níbẹ̀. Ìyá kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ mí lọ́kàn láti oṣù tó kọjá. Ọdún mẹ́sàn-án ni ọkùnrin yẹn ti ń ṣọ́ wa, “Mègádì” ni gbogbo wa ń pè é. Oṣù tó kọjá ni mo gbọ́ lẹ́nu ẹni tí ń ta súyà pé ọmọ rẹ̀ wà nílé ìwòsàn fún ọjọ́ mọ́kànlá, òun sì ń wá ṣọ́ wa ní gbogbo òru. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ni ì bá sọ fún? Mo lọ bá a ní ìdí gééètì, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, mo bi í lórúkọ, mo bi í lórúkọ ọmọ náà pẹ̀lú. N kò ní dá orúkọ wọn níbí, n kò tíì gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lè pè é bí ó ṣe tọ́. Ó rẹ́rìn-ín sí bí mo ṣe pè é, ó ní kí n tún un pè.